Bí HIV Ṣe Ń Fara Wé Àwọn Purotéènì Ààbò Ara: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa HIV ni bó ṣe ń ràn, bí a ṣe ń dènà rẹ̀ àti oògùn rẹ̀. Apá tí a kì í sábà gbọ́ ni ohun tó ń ṣe nígbà tó bá ti wọ ara tán: bó ṣe ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò wa sì ń gbà á gbọ́. Ìdí tí mo fi kó àwọn ìbéèrè yìí jọ nìyẹn. Níbi tí ẹ̀rí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ pé inú yàrá ìwádìí nìkan ni wọ́n ti rí i, mo sọ ìyẹn náà.

Kí ni wọ́n ń sọ gan-an nígbà tí wọ́n bá ní purotéènì HIV ń fara wé ti ara wa?

Sẹ́ẹ̀lì kò ní ojú tó fi ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Fífọwọ́kàn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Apá kékeré kan lára purotéènì yìí á bá apá kékeré kan lára tọ̀hún mu rẹ́gí, wọn á so mọ́ra, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Apá kékeré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ó lè má ju ámínò ásíìdì 3 tó tò tẹ̀léra lọ, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ di purotéènì. Bí kòkòrò kan bá ti ní irú ẹ̀ lára, sẹ́ẹ̀lì máa dá a lóhùn bí ẹni pé ará ilé ló pè é, ìyókù purotéènì ọ̀hún ì báà má jọ ohunkóhun tí a ní.

Torí náà, kì í ṣe pé HIV ń di sẹ́ẹ̀lì ààbò, kì í sì í ṣe pé gbogbo ara rẹ̀ jọ tiwa. Ní ojú ibi tó ṣe pàtàkì nìkan ni ìjọra náà wà. Nígbà mìíràn ó máa ń di ibi tó jẹ́ ti purotéènì wa mú. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé àmì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń darí iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò fara wé nǹkan kan rárá, ohun tó jẹ́ tiwa gan-an ló bọ́ gbé wọ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ti HIV tún kọjá bẹ́ẹ̀, torí ara ẹ̀fọ́ náà ló ti ń bu àwọ̀ tó ń kùn sára.

Ṣé kòkòrò náà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. HIV kò ní ọpọlọ. Jíìnì 9 péré ló ní, gbogbo àkọsílẹ̀ ìran rẹ̀ kò sì ju lẹ́tà bíi 9,700 lọ. Ohun tó ní ni iye àti àṣìkọ. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 1996 fi hàn pé nínú ẹni tí kò tíì lo oògùn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 kòkòrò tuntun ló ń jáde lójoojúmọ́. Ẹ́ńsáìmù tó ń da àkọsílẹ̀ náà kọ kì í padà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àṣìkọ wá pọ̀ jọjọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìkọ náà ń ba kòkòrò jẹ́ ni, tàbí kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹyọ kan á ṣèèṣì mú kó rọrùn láti di sẹ́ẹ̀lì mú, tàbí láti bọ́ lọ́wọ́ àǹtíbọ́dì (purotéènì tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò), ọmọ ìyẹn ló sì máa gba ilẹ̀ kan. Púpọ̀ nínú àrà yìí ló ti wà lára baba ńlá rẹ̀, SIV, tó ń gbé ara ìnàkí, kó tó dé ara ènìyàn. Bí mo bá wá sọ níhìn-ín pé ó ń “pe ara rẹ̀” tàbí ó ń “wá”, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ni.

Báwo ni ìfarawé ṣe ń jẹ́ kó ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì T?

Lára sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́, èyí tó ń darí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò yòókù, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ CD4. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn bá gbé àjákù kòkòrò wá fún sẹ́ẹ̀lì T láti yẹ̀ wò, orí purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní HLA onípele kejì ló máa ń gbé e sí. CD4 á di HLA yìí mú kí àyẹ̀wò náà lè lọ déédéé. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 1984, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti òmíràn ní Párìsì fi hàn pé CD4 yìí gan-an ni HIV ń dì mú. Ohun tó fi ń dì í mú ni gp120, orí ẹ̀gún tó yọ sára kòkòrò náà. Nígbà tó di 1998, wọ́n rí àwòrán bí àwọn méjèèjì ṣe so mọ́ra: ámínò ásíìdì kan lára CD4, phenylalanine tó wà ní ipò 43, yọrí wọnú ihò kan lára gp120. Ibi tí gp120 ti di CD4 mú àti ibi tí HLA ti ń dì í mú gorí ara wọn. Gp120 kò jọ HLA ní ìrísí, ṣùgbọ́n ìjókòó HLA ló gbà, ó sì le mọ́ ibẹ̀ ju ẹni tó ni ín lọ fíìfíì. Ìsomọ́ HLA àti CD4 rọ̀ gan-an, torí iṣẹ́ tó ń fẹ́ kí wọ́n tètè tú ni. Gp120 kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, CD4 nìkan kò tó. Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ rí i pé mẹ́ta nínú àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì ààbò fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tí orúkọ wọn ń jẹ́ RANTES, MIP-1α àti MIP-1β, lè dá HIV dúró. Kemokíìnì ni a ń pe irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tí ìdí rẹ̀ fi yé wọn: CCR5 tó ń gba àwọn ìránṣẹ́ yìí wọlé ni ẹnu ọ̀nà kejì tí HIV ń lò, CXCR4 sì ni ti àwọn ẹ̀yà HIV mìíràn. Bí kemokíìnì bá ti dí ẹnu ọ̀nà náà, kòkòrò kò rí ibi gbà. Apá tí gp120 fi ń kan CCR5 ni okùn kan tí wọ́n ń pè ní V3, tí gígùn rẹ̀ tó ámínò ásíìdì bíi 35. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé okùn yìí lè ká bí apá kan lára àwọn kemokíìnì náà ṣe ká. Ìfarawé tó dojú ẹ̀ nìyẹn: ìrísí kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà.

Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù tí wọ́n ń pè ní delta 32 nínú jíìnì CCR5. Bí ènìyàn bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, CCR5 kò ní yọ sójú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rárá, HIV tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò sì ní lè mú un. Láti ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gba mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n fún Timothy Ray Brown nílùú Berlin lọ́dún 2007, nígbà tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí HIV kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Nígbà tó kú lọ́dún 2020, jẹjẹrẹ ló pa á, HIV kò padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìfun ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a?

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ ìfarawé HIV, èyí ni mo fẹ́ràn láti ṣàlàyé jù, torí ènìyàn lè kà á lẹ́tà lẹ́tà.

Ìfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì T ara wa ń gbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí HIV bá wọlé, àwọn tó wà níbẹ̀ á ti ṣòfò rẹpẹtẹ, nígbà tí iye sẹ́ẹ̀lì T oní-CD4 inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Báwo ni sẹ́ẹ̀lì T tiẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ìfun? Purotéènì kan wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ α4β7. Ẹnìkejì rẹ̀ ni MAdCAM-1, tó ń gbé lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìfun. Sẹ́ẹ̀lì T á máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ, bí α4β7 bá ti kan MAdCAM-1, yóò dúró, yóò sì yà wọ inú ìfun. Ohun tí α4β7 ń wá lára MAdCAM-1 ni ámínò ásíìdì 3: leucine, aspartic acid, threonine. Lára purotéènì mìíràn tó lè dì mú, èyí tó ń jẹ́ fibronectin, ohun tó ń bá ni leucine, aspartic acid àti valine.

Lọ́dún 2008, James Arthos, Claudia Cicala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé gp120 náà lè di α4β7 mú. Wọ́n wo okùn kan tí wọ́n ń pè ní V2 lára gp120. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni leucine, aspartic acid, lẹ́yìn náà isoleucine tàbí valine. Ẹ fi wé ti òkè yẹn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ rárá sí ti MAdCAM-1, níbi tí ẹ̀kẹta bá sì ti jẹ́ valine, bí ti fibronectin ló rí délẹ̀délẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ kòkòrò náà lè so mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó máa ń lọ sí ìfun, èyí tó kún fún sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ràn láti mú. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà HIV ló ń ṣe é bákan náà o. Àwọn kan dì í mú dáadáa, òmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Ìrètí ńlá jáde láti ibẹ̀. Ìwádìí kan lọ́dún 2016 sọ pé nígbà tí wọ́n fi àǹtíbọ́dì dí α4β7 lára ọ̀bọ, SIV kò gbérí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn dúró. Inú gbogbo ayé ìwádìí dùn. Nígbà tó di 2019, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún un ṣe lára ọ̀bọ, wọn kò rí èsì yẹn. Àwọn kan lo vedolizumab, oògùn àrùn ìfun tó ń dí α4β7, fún àwọn tó ní HIV, kòkòrò náà sì padà bí oògùn HIV ṣe dúró. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àlàyé tó wà káàkiri ṣì ń ka ti 2016 nìkan. Ìsomọ́ náà kò di irọ́ o. Dídí i nìkan ni kò tó.

Ṣé òótọ́ ni pé HIV ń ránṣẹ́ èké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò?

Bẹ́ẹ̀ ni, Tat, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì HIV, sì ni ìránṣẹ́ náà. Inú sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀ ni iṣẹ́ gidi rẹ̀ wà, níbi tó ti ń mú kí wọ́n máa da jíìnì HIV kọ kíákíá. Àmọ́ Tat máa ń jáde síta. Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ fi hàn pé apá kan lára rẹ̀ jọ kemokíìnì, pé ó lè pe monosáìtì àti mákírófééjì, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ààbò méjì, wá síbi tó bá wà, ó sì ń gba CCR2 àti CCR3, àwọn ìbátan CCR5, ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì rò pé ìpè ogun ni, ó sáré dé, ó bá kòkòrò tó ń wá ilé tuntun. Inú ife yàrá ìwádìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí yìí ti wá. Ìwọ̀n Tat tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ kéré. Lójú tèmi, bí ìpè èké yìí bá ní agbára kankan, ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ti kó kòkòrò ni yóò ti ní in.

Nef àti Vpu ńkọ́?

Àwọn purotéènì HIV méjì wọ̀nyí kì í fara wé ohun tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì. Àmì àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń yí. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní ètò tó fi ń pinnu èwo nínú purotéènì rẹ̀ ló máa wà lójú òde, èwo ló máa padà wọlé, èwo ni wọ́n máa fọ́ túútúú. Àmì kúkúrú tí wọ́n kọ sára purotéènì kọ̀ọ̀kan ni ètò náà ń kà.

Nef gbé ọ̀kan nínú àwọn àmì yẹn, èyí tí leucine méjì tẹ̀léra parí rẹ̀. Ẹ̀rọ AP-2, tó ń kó purotéènì láti ojú sẹ́ẹ̀lì wá sínú, ń kà á bí ẹni pé ti ilé ni, ó sì ń kó CD4 wọlé. Ọ̀nà mìíràn ni Nef ń gbà yọ HLA onípele kìíní. Ó máa so ìrù HLA mọ́ ẹ̀rọ AP-1, ó sì máa mú kí ìrù yẹn dà bí èyí tó ní àmì “ẹ gbé mi kúrò”. HLA onípele kìíní ni sẹ́ẹ̀lì fi ń fi àjákù kòkòrò han àwọn sẹ́ẹ̀lì T apani. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, sẹ́ẹ̀lì tó ti kó kòkòrò á dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Síbẹ̀, Nef kì í yọ gbogbo HLA. HLA-A àti HLA-B ló ń dojú kọ, ó ń fi HLA-C àti HLA-E sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì NK wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí wọn kò bá rí HLA kankan lára rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń tan NK jẹ. Ìwádìí ọdún 2016 tún wá fi hàn pé Vpu ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà HIV tó wà lára àwọn aláìsàn ń dín HLA-C náà kù, torí náà ọ̀rọ̀ náà kò dán mọ́rán-ín mọ́rán-ín bí a ti kọ́kọ́ rò.

Vpu ní tirẹ̀ gbé àmì ìfọ́túútúú. Sẹ́ẹ̀lì wa máa ń fi àmì kékeré kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì sórí serine méjì (ámínò ásíìdì kan ni serine) lára purotéènì bíi IκB nígbà tó bá fẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Serine 52 àti 56 lára Vpu jókòó bákan náà, wọ́n sì ń gba fọ́sífétì bákan náà. Ẹ̀rọ β-TrCP á wá dé, á bá CD4 tí Vpu dì mú, CD4 ni wọ́n á sì fọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé irú nǹkan wọ̀nyí tiẹ̀ kan ènìyàn tó wà láàyè, ẹ sọ ìtàn Sydney fún un. Ní Ọsirélíà, ẹnì kan tó ní HIV fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kó tó mọ̀, àwọn mìíràn sì gbà á. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, púpọ̀ nínú wọn kò ṣàìsàn. Lọ́dún 1995 ni àwọn onímọ̀ kéde ìdí rẹ̀: apá kan ti jábọ́ nínú jíìnì Nef ti kòkòrò tí gbogbo wọn ní. Nígbà tó yá, iye sẹ́ẹ̀lì T oní-CD4 àwọn kan nínú wọn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ gan-an.

Kí ni “aṣọ” tí wọ́n ní HIV ń wọ̀?

Méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ṣúgà. Bíi ìdajì ìwọ̀n gp120 ló jẹ́ ṣúgà, sẹ́ẹ̀lì wa ló sì so ó mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń so ṣúgà mọ́ purotéènì tirẹ̀. Àǹtíbọ́dì tó bá dé ibẹ̀ á kan ohun tó ti mọ̀ láti ìgbà ìbí, kò ní bínú sí i.

Ìkejì ni awọ. Nígbà tí HIV bá ń yọ jáde, ara awọ sẹ́ẹ̀lì ló ti ń gé tirẹ̀. Láti lè gé e pàápàá, àmì mìíràn ló lò: purotéènì Gag rẹ̀ ní ámínò ásíìdì 4 tó jọ ti Hrs, purotéènì wa kan, ìyẹn ló sì fi ń pe Tsg101, purotéènì wa mìíràn, wá bá a ṣiṣẹ́. Awọ yẹn kò ṣófo. HLA wà lára rẹ̀, CD55 àti CD59 náà wà níbẹ̀, àwọn méjì tí sẹ́ẹ̀lì wa fi ń sọ fún àwọn purotéènì apani inú ẹ̀jẹ̀ pé “ẹ má fọwọ́ kàn mí”. HLA wọ̀nyí sábà máa ń pọ̀ ju ẹ̀gún kòkòrò fúnra rẹ̀, tí kò ju bíi 14 lọ lára HIV kan.

Lọ́dún 1991, àwọn tó ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára SIV wò rí ohun kan tó yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n gún ní sẹ́ẹ̀lì T ènìyàn lásán, tí kò ní kòkòrò kankan nínú, rí ààbò gbà. Inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni wọ́n ti tọ́ SIV tí wọ́n fi dán wọn wò, HLA ènìyàn ló sì wọ̀ sọ́rùn. Aṣọ yẹn ni ara àwọn ọ̀bọ náà gbógun tì. Bó bá jẹ́ láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn ni, aṣọ kan náà yóò bò ó láṣìírí.

Ṣé ìfarawé yìí lè mú kí ara máa bá ara rẹ̀ jà?

Ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ kí a ṣọ́ra. Àwọn tó ní HIV máa ń ní àìtó plátíléẹ̀tì, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n rí àǹtíbọ́dì lára wọn tó ń di GPIIIa, purotéènì orí plátíléẹ̀tì, mú, wọ́n sì tọ́ka sí apá tó jọ ọ́ lára purotéènì HIV. Lọ́dún 1988 pẹ̀lú, wọ́n fi hàn pé apá kan lára gp41, ìsàlẹ̀ ẹ̀gún HIV, jọ HLA onípele kejì, àǹtíbọ́dì àwọn aláìsàn kan sì ń di méjèèjì mú.

Ibi tí mo ti ń yapa sí ọ̀pọ̀ àlàyé ni pé wọ́n ń fi èyí ṣe ìdí tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń tán. Ìdí tó lágbára jù wà. Kòkòrò ń pa sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀. Ìfun tó ti bàjẹ́ ń jẹ́ kí èròjà bakitéríà máa jò sínú ẹ̀jẹ̀, ètò ààbò kò sì ráyè sinmi. Ìfarawé lè fi kún un, kì í ṣe òun ni òpó ilé.

Ẹ fi èyí wọn gbogbo ìjọra tí ẹ bá kà nípa rẹ̀. Ara wa ní jíìnì bíi 20,000 tó ń pèsè purotéènì. Bí ènìyàn bá fi kọ̀ǹpútà wá ámínò ásíìdì 5 tó tò bákan náà, yóò rí i, kódà níbi tí kò ti já mọ́ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé: ǹjẹ́ ó di nǹkan mú lóòótọ́? Bí a bá yí ámínò ásíìdì kan padà, ǹjẹ́ ìsomọ́ náà já? Ṣé ara ènìyàn ni wọ́n ti rí i, àbí inú ife? Èyí tí kò bá kọjá kọ̀ǹpútà, mi ò kì í kà á sí.

Ṣé ohun tó ń dí abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ nìyí?

Ọ̀kan nínú wọn ni, ìyípadà ojoojúmọ́ sì ni èkejì. Nígbà tí ara bá ń dá sẹ́ẹ̀lì B, àwọn tó ń ṣe àǹtíbọ́dì, sílẹ̀, ó máa ń kó èyí tó bá lè gbógun ti ara fúnra rẹ̀ dànù. Ẹ wo àǹtíbọ́dì 2F5 àti 4E10, tí wọ́n rí lára àwọn tó ní HIV. Ìsàlẹ̀ gp41 ni wọ́n ń dì mú, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà HIV ni wọ́n sì lè dá dúró. Ìwádìí ọdún 2005 fi hàn pé wọ́n tún ń di cardiolipin mú, ọ̀rá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ohun tí 2F5 ń wá lára gp41 wà lára kynureninase, ẹ́ńsáìmù wa kan. Ó di pé àǹtíbọ́dì tí a ń wá lójú méjèèjì wà lára àwọn tí ara ti kọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà.

Ṣé àyẹ̀wò lè má rí HIV nítorí pé ó jọ ara wa?

Rárá. Ìjọra náà kò kọjá ojú ibi kéékèèké. Ìyókù ara HIV jẹ́ àjèjì pátápátá, ara sì ń ṣe àǹtíbọ́dì sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn àǹtíbọ́dì yẹn ni àyẹ̀wò ń wá, àwọn kan sì ń wá p24, purotéènì kan tó wà nínú kòkòrò náà, pẹ̀lú. Ohun tó lè mú kí àyẹ̀wò má rí i ni pé ènìyàn ṣe é láìpẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tó kó o.

Bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ ńkọ́, ṣé ìfarawé kò sọ ọ́ di asán?

Kò sọ ọ́ di asán rárá. Àwọn ẹ́ńsáìmù HIV ni ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn ń dá lẹ́kun, wọn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ débi tí àyẹ̀wò kò lè kà á, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀.

Ìmọ̀ nípa ìfarawé tún ti bí oògùn tirẹ̀. Maraviroc, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2007, ń dí CCR5. Fostemsavir, ti 2020, ń lẹ̀ mọ́ gp120 kó má baà di CD4 mú. Lenacapavir ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù. Lọ́dún 2024 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé káápsíìdì, ìyẹn ìkarahun inú HIV, ń gba ẹnu ọ̀nà núkílọ́ọ̀sì (yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wa ń gbé) wọlé bí àwọn purotéènì tó ń kó ẹrù wọ ibẹ̀ ṣe ń ṣe, ó tún ní kòtò kékeré tí àwọn purotéènì wa kan ń wọ̀. Kòtò yẹn ni lenacapavir ń jókòó sí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Nínú ìdánwò PURPOSE 1 ní South Africa àti Uganda, nínú obìnrin 2,134 tó gbà á, kò sí ẹnì kankan tó kó HIV. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìdènà ní oṣù kẹfà ọdún 2025.

Ṣé àwa náà lè fara wé, ká fi mú un?

A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. AZT, oògùn HIV àkọ́kọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1987, jẹ́ lẹ́tà DNA ayédèrú. Ẹ́ńsáìmù HIV á gbé e sínú àkọsílẹ̀, kò sì ní lè kọ lẹ́tà mìíràn tẹ̀ lé e. Enfuvirtide, ti 2003, jẹ́ ẹ̀dà ámínò ásíìdì 36 lára gp41 fúnra rẹ̀, tó ń bọ́ sáàárín kí gp41 má lè ká bó ṣe yẹ kó ká.

Àwọn kan tó ti ní HIV fún ọ̀pọ̀ ọdún tiẹ̀ ṣe é fúnra wọn, láìsí oògùn. Lọ́dún 2010 ni wọ́n kéde VRC01, àǹtíbọ́dì kan tí wọ́n rí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń kan gp120 fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí CD4 ṣe ń kàn án. HIV lè yí ohun púpọ̀ padà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá yí ibi tó fi ń di CD4 mú, ọ̀nà á dí mọ́ ọn. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ mìíràn so CD4 pọ̀ mọ́ ẹ̀dà kékeré kan lára CCR5, wọ́n pè é ní eCD4-Ig, ó sì dáàbò bo àwọn ọ̀bọ. Nígbà tí wọ́n fi VRC01 nìkan dán ènìyàn wò, èsì ọdún 2021 fi hàn pé kò dènà HIV lápapọ̀, ṣùgbọ́n ó dènà àwọn ẹ̀yà tó lè mú dáadáa ní bíi 75 nínú 100.

Àbájáde yẹn ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ kà báyìí. Dípò kí wọ́n máa gún VRC01 fún ènìyàn, wọ́n fẹ́ kọ́ ara láti ṣe irú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì B tó lè di irú àǹtíbọ́dì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ìyípadà kó tó dàgbà, torí náà ìpele ìpele ni abẹ́rẹ́ náà yóò máa wá. Nínú ìdánwò ìpele àkọ́kọ́, IAVI G001, tí èsì rẹ̀ jáde ní ìparí 2022, sẹ́ẹ̀lì B irú ti VRC01 jí dìde nínú ẹni 35 lára 36 tó gba abẹ́rẹ́ náà. Ìpele tó kù ni bí wọn yóò ṣe tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn dàgbà, ìdánwò irú ìpele àkọ́kọ́ yẹn sì ti wáyé ní South Africa àti Rwanda pẹ̀lú.